Ọlọ́pàá kú sẹ́nu iṣẹ́: ta ni owó rẹ̀ tọ́ sí, ìwé wo ló gbà, ọjọ́ wo la fi ń rántí rẹ̀?

Láti Kábbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Ìsánlú, bí ìròyìn bá ti jáde pé wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá kan lójú ọ̀nà, kí ilẹ̀ tó ṣú ni àríyànjiyàn á ti gba orí WhatsApp. Ẹnì kan á ní owó ńlá ti ń bọ̀ wá bá opó rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀, ìjọba ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀kẹta á ní orúkọ àbúrò olóògbé ló wà nínú ìwé, torí náà kí ìyàwó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rí ibì kan nínú òótọ́, wọ́n sì ti fo ibi tó ṣe pàtàkì jù. Owó náà ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òfin ní kó gbà á lè yàtọ̀.

Ìrántí tó ń dọ́wọ́ opó àti ọmọ, inú ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí yóò fi pẹ́ lórí ìwé ju lórí ìbọn ojú sàréè lọ.

## Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí gbóná nílẹ̀ Òkun?

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni ilẹ̀ Òkun: Kábbà-Búnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Mùrò, Ìlà Oòrùn Yàgbà àti Ìwọ̀ Oòrùn Yàgbà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lábẹ́ Lọ́kọ́jà náà jẹ́ ara wọn. Ekiti, Ondo àti Kwara ló bá a pààlà, igbó rẹ̀ pọ̀, ìlú sì jìnnà síra. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ èrò ń gbà náà ni àwọn ajínigbé ń ṣọ́. Ọlọ́pàá tésàn, tí wọn kì í sábà pọ̀, ló máa ń kọ́kọ́ bá wọn pàdé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni àwọn ènìyàn kò tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn adigunjalè ya wọ Ìsánlú, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì fọ́ báńkì. DPO ìlú náà, ìyẹn ọ̀gá tésàn, àti àwọn ọlọ́pàá mìíràn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kú. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kábbà, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì sá jáde. Àwọn sójà, ọlọ́pàá àti wọ́dà ló jọ ń ṣọ́ ọgbà náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó dé. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì jáde sójú títì l'Ábújà nínú òjò, wọ́n ní kí ìjọba yọ ọlọ́pàá kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti jọ ń dá owó pamọ́ lóṣooṣù. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń gbilẹ̀ nílé: bí àwọn tó ṣiṣẹ́ 35 ọdún tí wọ́n sì yè é bá ń ké, kí ni yóò kan ẹbí ẹni tí kò délé mọ́?

## Ikú wo ni wọ́n ń pè ní ikú ẹnu iṣẹ́?

Àwọn ènìyàn rò pé bí olóògbé kò bá kú lẹ́nu ìjà ìbọn, ẹbí rẹ̀ ti pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó adójútòfò tí òfin dárúkọ kò béèrè bóyá ìbọn ni tàbí àìsàn. Ohun tó béèrè ni pé kí olóògbé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ tó kú, ìyẹn ni pé kò tíì fẹ̀yìn tì, wọn kò sì lé e. Owó ìfẹ̀yìntì tó ti kó jọ náà kò béèrè irú ikú.

Ibi tí irú ikú ti ní ipa ni ti ìyẹ́sí: irú ìsìnkú tí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá yóò ṣe fún un, ìgbéga lẹ́yìn ikú, àti orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn akọni. Àjọ PSC (Police Service Commission) ni òfin gbé ìgbéga ọlọ́pàá lé lọ́wọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá kàn lè dámọ̀ràn ni. Ẹ fi sọ́kàn pé ìgbéga lẹ́yìn ikú kì í yí owó tó ti wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì padà.

Ẹ̀rí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú ìwé mẹ́ta ní tésàn. Èkíní ni ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èkejì ni diary tésàn, níbi tí wọ́n ń kọ ẹni tó jáde, wákàtí tó jáde àti iṣẹ́ tó bá lọ. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìkóhun-ìjà-sí, níbi tó ti fọwọ́ sí i pé òun gba ìbọn. Láti inú wọn ni DPO ti ń kọ signal tó ń lọ sí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, kó tó dé Ábújà. Bí wọ́n bá dáná sun tésàn nínú ìkọlù, ìwé wọ̀nyí lè jóná. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni yóò wá kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ kíákíá, nítorí ọlọ́pàá kì í pẹ́ níbì kan. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní Ìsánlú lónìí lè wà ní Sókótó lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi àwọn ará ilé lọ́nà. Ọmọ Yàgbà tó kú sí Zamfara, ìwé rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Ibi tí orúkọ rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ Mobile Police tí wọ́n kàn yá fún ìpínlẹ̀ mìíràn, ibùdó squadron rẹ̀ ni ẹbí yóò kọ̀wé sí, kì í ṣe ìlú tó kú sí, kì í sì í ṣe ìlú rẹ̀.

## Owó wo gan-an ló wà níbẹ̀?

Èyí tó tóbi jù fún ẹbí ọ̀dọ́mọdé ọlọ́pàá ni adójútòfò ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní group life. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò yìí fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí iye rẹ̀ má sì dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yé ara wa. Bí owó ọlọ́pàá kan bá jẹ́ ₦100,000 lóṣù, ₦1,200,000 ni lọ́dún. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Iye yẹn ni ó kéré tán.

Ìkejì ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lóṣooṣù, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ ni wọ́n ń yọ, ìjọba á fi ìdá 10 kún un, gbogbo rẹ̀ á sì lọ sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ RSA. Fún ẹni tó ń gba ₦100,000, ₦8,000 àti ₦10,000 nìyẹn, àpapọ̀ ₦18,000 lóṣù, tàbí ₦216,000 lọ́dún, láìka èrè tí wọ́n bá rí nígbà tí wọ́n bá fi owó náà dá òwò. Ilé iṣẹ́ NPF Pensions ni wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Ọlọ́pàá tó kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ₦648,000 péré ló lè wà nínú RSA rẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù yẹn, nígbà tí group life rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Ẹbí tó bá sáré tọ owó ìfẹ̀yìntì lọ tí wọ́n gbàgbé group life ti fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ gba èyí tó kéré. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nítorí ìwé RSA ni olóògbé sábà máa ń ní nílé. Group life kì í fi ìwé kankan sọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ètò alájọdá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ní owó mìíràn tó jẹ́ ti ọdún tó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san ìyẹn sínú RSA rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦758 bílíọ̀nù láti fi san irú gbèsè ìfẹ̀yìntì bẹ́ẹ̀.

Owó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní IGP Family Welfare, tí ọ̀gá àgbà pátápátá ọlọ́pàá máa ń fún ẹbí àwọn tó ti kú ní sọ̀wédowó rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú group life, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń pín méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìwé owó oṣù olóògbé dáadáa. Bí wọ́n bá ń yọ NHF, ìyẹn ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gidi tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ètò ilé gbígbé, ẹbí lè béèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank. Bí wọ́n bá ń yọ owó kóòpù, owó tó ti dá wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbèsè tó bá jẹ.

Police Trust Fund kọ́ ni ibi tí ẹbí ti ń gba owó. Òfin ọdún 2019 dá a sílẹ̀ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́, ohun èlò àti ìgbáyégbádùn àwọn ọlọ́pàá lápapọ̀. Àwọn tó ń pín fọ́ọ̀mù rẹ̀ kiri fún opó, kí ẹ má fún wọn lówó.

## Ìyàwó ni, bàbá ni, àbí next of kin?

Ibi tí ìjà ẹbí ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, ó sì yẹ ká fara balẹ̀.

Group life ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí olóògbé dárúkọ pé kó gbà á. Bó bá jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ ló kọ, ìyá rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni.

Owó inú RSA kò tọ ọ̀nà yẹn. Òfin to ó báyìí: àkọ́kọ́, ẹni tí olóògbé fún nínú ìwé ìhágún, bí kò bá sí ìwé ìhágún, ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ, bí wọn kò bá sí, next of kin tó wà ní àkọsílẹ̀ tàbí ẹni tó yàn nígbà ayé rẹ̀, bí ìyẹn náà kò bá sí, ẹni tí ilé ẹjọ́ bá yàn láti bójú tó ogún rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìyàwó àti ọmọ ṣáájú next of kin. Àbúrò tó di ìwé next of kin mú tó sì ń lé opó kúrò nídìí owó RSA, òfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló fà á tí orúkọ àbúrò tàbí bàbá fi máa ń wà níbẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá gba iṣẹ́ kí wọ́n tó gbéyàwó. Wọ́n kọ orúkọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó sin wọ́n lọ sí ibi ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n gbàgbé fọ́ọ̀mù. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ọlọ́pàá náà kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, kó fi ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí ọmọ tì í, kó sì tún un ṣe lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì lọ́tọ̀. Àkọsílẹ̀ méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó tún ọ̀kan ṣe kò tíì tún èkejì ṣe.

Obìnrin tí wọ́n ṣe ìdána fún, tí wọn kò lọ sí kóòtù, ìyàwó ni lábẹ́ àṣà, òfin sì mọ̀ ọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni àfidáfítì láti kóòtù, ìwé láti ọ̀dọ̀ olórí ẹbí méjèèjì, àti ìwé láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí ìjọ. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, gbogbo wọn àti gbogbo ọmọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Ẹbí tó bá fi ọmọ kan pamọ́ ti dá ẹjọ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

## Tí wọn kò bá rí òkú rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn ajínigbé lè gbé ọlọ́pàá wọ igbó lọ, kí wọ́n má sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Òfin ọdún 2014 ní bí ọdún kan bá kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde pé ó sọnù, àjọ PenCom, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, lè gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ náà bá gbà pé ó tọ́ láti kà á sí òkú, owó á jáde bí ẹni pé ó kú. Ọjọ́ ìkéde ni ọdún yẹn ti ń ka. Bí ẹbí àti tésàn bá jáfara láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọnù, aago náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

## Báwo ni ẹbí ṣe ń tọ́ ìwé náà?

Ìwé ẹ̀rí ikú ló ṣáájú. Èyí tí dókítà kọ ní ilé ìwòsàn ń sọ ohun tó pa á. Èyí tí àjọ ìkànìyàn, NPC, ń fúnni ni ìwé ẹ̀rí ikú gan-an tí báńkì àti ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ń béèrè. Ẹni tó mú ti dókítà nìkan dé ibẹ̀ yóò padà sílé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá tí olóògbé wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fún yín ní lẹ́tà tó jẹ́rìí sí ikú náà, ọjọ́ tó wọṣẹ́, ipò rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú. Ẹ kó ìwé owó oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn, nọ́ńbà RSA rẹ̀ àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ẹni tó fẹ́ gba owó gbọ́dọ̀ ní NIN, BVN, àkáǹtì báńkì ní orúkọ ara rẹ̀, fọ́tò, àti ìwé tó fi hàn pé ìyàwó tàbí ọmọ ni.

Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì yóò béèrè ìwé àṣẹ àbójútó ogún. Ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ló ń fúnni. Olùbéèrè yóò kún fọ́ọ̀mù, yóò kọ gbogbo ohun tí olóògbé ní àti báńkì tó ń lò, yóò mú onídùúró méjì wá. Wọ́n á gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ 21 kí ẹni tó bá ní ẹ̀hónú lè sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá kọ̀wé tako o, gbogbo rẹ̀ dúró títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a. Kí ẹbí jókòó sọ̀rọ̀ yanjú kí ẹnikẹ́ni tó sanwó ìkéde, ó sàn púpọ̀.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi káàdì ATM olóògbé gba owó lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó rọrùn, pàápàá nígbà tí owó pósí bá ń dunni, ṣùgbọ́n ó lè di ẹ̀sùn. Bí owó oṣù bá tún wọlé lẹ́yìn ọjọ́ tó kú, ìjọba yóò yọ ọ́ padà nínú ẹ̀tọ́ ẹbí.

## Kí ló ń dá owó dúró?

Orúkọ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. A kọ Samuel Olúwaṣeun sínú ìwé iṣẹ́, Ṣeun Samuel sínú NIN, S. O. sí báńkì. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ẹ̀rọ kò mọ̀. Ìyàwó náà wà pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ lórí BVN, orúkọ ọkọ lórí ìwé ìgbéyàwó. Àtúnṣe rẹ̀ ni àfidáfítì àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn, tàbí kí wọ́n tún NIN ṣe. Ọjọ́ ìbí tó yàtọ̀ le ju ti orúkọ lọ.

Ìdí kejì kò sí lọ́wọ́ ẹbí. Òfin adójútòfò Nàìjíríà sọ pé bí wọn kò bá san owó ìdójútòfò, ààbò kò sí. Bí agbanisíṣẹ́ bá jẹ́ kí ọdún kan ré kọjá láìsan án, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti san ti àwọn tó kú láàárín àkókò náà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ṣá: ó ní agbanisíṣẹ́ náà ni yóò wá ọ̀nà san án. Ẹbí tí wọ́n bá sọ fún pé "ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ̀" ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé padà, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí PenCom.

Àwọn oníjìbìtì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń gba nọ́ńbà opó láti inú ìkéde ìsìnkú, wọ́n á pè é pé àwọn wà ní olú ilé iṣẹ́ Ábújà, kó fi owó fáìlì ránṣẹ́. Ẹbí kì í sanwó kí wọ́n tó gba group life tàbí RSA. Ohun tó ń ná ẹbí lówó ni ti kóòtù, ìwé ìròyìn àti àfidáfítì, ojú wọn sì ni wọ́n ń san án sí, pẹ̀lú rìsíìtì.

## Kí ni àríyànjiyàn lórí ètò alájọdá?

Àwọn tó fẹ́ kí ọlọ́pàá jáde ní ọ̀rọ̀ tó lágbára. Ọdún 2011 ni wọ́n yọ àwọn sójà àti àwọn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kúrò nínú ètò náà, òfin 2014 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní ewu kan náà ni ọlọ́pàá ń kojú, ibọn kan náà ló ń pa á, kí ló dé tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fi rí bí ti akọ̀wé ọ́fíìsì? Wọ́n tún ní iye tí ọ̀pọ̀ ń bá nínú RSA lẹ́yìn 35 ọdún kò tó rárá, pàápàá nígbà tí owó náírà ti já.

Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n dúró ní ìjọba kò ní lè máa san án nínú ìṣúná lọ́dọọdún. Wọ́n ń rántí bí ó ti rí kí 2004 tó dé, tí àwọn àgbàlagbà ń dúró nínú oòrùn fún àyẹ̀wò, tí àwọn kan ń ṣubú. Wọ́n tún ń tọ́ka sí owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá tí wọ́n jí nínú ètò àtijọ́, bílíọ̀nù lọ́nà ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹjọ́ rẹ̀ fi mú gbogbo orílẹ̀-èdè bínú ní oṣù kìíní ọdún 2013 nígbà tí ilé ẹjọ́ ní kí ẹni tó jẹ̀bi san ìtanràn ₦750,000. Lójú wọn, owó tó wà nínú àkáǹtì tó ní orúkọ ẹni ṣòro láti jí ju owó inú àpò ìjọba lọ. Àbá wọn ni pé kí ìjọba fi owó kún ti ọlọ́pàá nínú ètò náà.

Fún ẹbí ẹni tó kú lọ́dọ̀ọ́, ìbéèrè tó wúwo jù nínú àríyànjiyàn náà kì í sábà jáde: ètò yòówù kí wọ́n mú, ta ni yóò rí i dájú pé wọ́n ń san owó group life lọ́dọọdún láìyẹ̀?

## Ìsìnkú rẹ̀ ńkọ́?

Ikú ìbọn jẹ́ ikú tí òfin ní kí wọ́n wádìí. Wọ́n lè gbé òkú lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi Federal Teaching Hospital ní Lọ́kọ́jà, tó jìn sí Kábbà ní nǹkan bíi 80 kìlómítà. Ẹbí Mùsùlùmí tó fẹ́ sin ín lọ́jọ́ kan náà máa ń bínú sí èyí. Kí wọ́n tètè bá DPO sọ̀rọ̀, kí dókítà lè ṣe é ní wàrànṣeṣà. Kí wọ́n má kàn gbé e lọ sin, torí àìsí àbájáde àyẹ̀wò lè ba ẹjọ́ àwọn tó pa á jẹ́ bí wọ́n bá mú wọn.

Bí ẹbí bá fẹ́ ìsìnkú ọlọ́pàá, wọ́n á kọ̀wé sí kọmíṣánnà ìpínlẹ̀, kí wọ́n sọ ọjọ́, ìlú àti ẹ̀sìn. Àsíá ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí pósí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e, wọ́n á fọn kàkàkí, wọ́n á yìnbọn ìdágbére, wọ́n á sì ká àsíá fún opó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ará àdúgbò ṣáájú kí wọ́n tó yìnbọn. Ìlú tí ajínigbé ti dá láàmú kò nílò ìró ìbọn òjijì.

Àṣà náà ní ipò tirẹ̀. Ní Búnú, aṣọ ìpò pupa jẹ́ aṣọ òkú àgbà tó lóyè, kì í ṣe ti ọ̀dọ́. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n yìnbọn pa, bàbá àti ìyá kì í dé ojú sàréè ọmọ. Torí náà, bí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá bá fẹ́ kí àwọn òbí gba àsíá, ilé ni kí wọ́n ti gbé e fún wọn.

## Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni, àbí ọjọ́ 7 oṣù kẹrin?

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Àwọn ọlọ́pàá máa ń wà níbẹ̀, ọ̀gá wọn sì máa ń gbé òdòdó kalẹ̀, ṣùgbọ́n orí sójà ni a dá ọjọ́ náà lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu kéde ọjọ́ 7 oṣù kẹrin lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Ìjọ, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ìlú tó ń wá ọjọ́ tí wọ́n lè fi dárúkọ ọmọ wọn tó kú ti wá ní ọjọ́ kan.

Bí ìlú bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ, òfin ilẹ̀ wa gbé orúkọ òpópónà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe Lọ́kọ́jà, kì í ṣe Ábújà. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yóò kọ̀wé sí alága àti àwọn kánsílọ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹbí àti ti ọba ìlú, kí wọ́n sọ òpópónà tí wọ́n fẹ́ àti ìdí rẹ̀. Kí wọ́n yan ọ̀nà tí kò tíì ní orúkọ ẹlòmíràn, kí wọ́n béèrè fún ẹ̀dà ìpinnu tí àwọn kánsílọ̀ bá fọwọ́ sí, kí wọ́n tó lọ kan pátákó mọ́lẹ̀. Pátákó tí kò ní ìpinnu lẹ́yìn, alága tó ń bọ̀ lè yọ ọ́ lọ́jọ́ kan.